Bẹbíńkà Burúkú Tí Mo Gbé fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé onípáànù pupa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Lẹ́bàá Màrígáò, ní Góà.
Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì.

Lavita mi ọ̀wọ́n, ọmọ ọmọ mi ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke,

Mo kí ọ, mo sì kí Elroy tó fẹ́ gbé ọ níyàwó láì mọ ohun tó ń gbé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Lisbọn? Ṣé òtútù kò tíì sọ imú yín di pupa? Bí ẹ bá ń béèrè èmi, ara mi le. Orúnkún kan ń ro mí, èkejì ń bá a kẹ́dùn. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó ti lọ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin méjèèjì sí títí a ó fi fojú kan ara wa níbi ìgbéyàwó yín, kí ó sì dá èmi náà sí, nítorí mo ti rán kóòtù.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́sẹ̀ tí wọ́n tan àbẹ́là àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìpalẹ̀mọ́ Kérésì. Má bínú pé èsì pẹ́. Ohun méjì lo béèrè. O ní ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù àkàrà òyìnbó tí o ti ń ṣiṣẹ́ sọ pé bẹbíńkà, àkàrà òyìnbó onípele wa, kì í ṣe tiwa, pé àwọn Pọ́túgà ló gbé e wá, kí n sọ ibi tó ti wá fún ọ. O tún ní kí n bá ọ bẹ Ìyá Àgbà Ermelina, ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n ṣe bẹbíńkà fún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, kí wọ́n sì kọ́ ọ. Èyí àkọ́kọ́ kò le, irọ́ díẹ̀ àti òótọ́ díẹ̀ ló gbà. Èkejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Kí n kọ́kọ́ dá ọ̀gá rẹ lóhùn. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré ni pé sístà kan wà nílé àwọn sístà ní Góà Àtijọ́, Bibiana lórúkọ rẹ̀. Funfun ẹyin ni àwọn sístà ayé ìgbà yẹn fi ń ṣe sítáàṣì sí aṣọ, kí ìborí wọn lè dúró gagaga. Pupa ẹyin wá ń ṣẹ́ kù lójoojúmọ́ bí òjò. Bibiana bá lù ú mọ́ ṣúgà, wàrà àgbọn àti ìyẹ̀fun díẹ̀, ó yan án ní ìpele méje, nítorí òkè méje tó wà ní Lisbọn, àwọn òkè kan náà tí ò ń fi ẹsẹ̀ lékeléke yẹn gùn lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé e fún fadá. Fadá jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Ó dùn, ọmọ mi, àmọ́ ó ti kéré jù.” Bí àwọn fadá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ni Bibiana ṣe ń fi ìpele kún ìpele.

Ṣé òótọ́ ni? N kò sí níbẹ̀. Mo dàgbà o, àmọ́ n kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ọ̀gá rẹ pé ká tiẹ̀ gbà pé ẹyin àti sístà wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ta ló ni àgbọn? Ṣé igi àgbọn wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Lisbọn ni? Àwọn aládùúgbò wa ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń fi àgbọn àti ṣúgà ọ̀pẹ ṣe àdídùn kí ọkọ̀ Pọ́túgà kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Nígbà tí mo sì ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì ọkọ̀ òkun, mo rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Màníílà tó ń yan àkàrà ìrẹsì, iná lókè, iná nísàlẹ̀, orúkọ tó sì ń pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ bẹbíńkà wa gan-an. Ní Jàkátà, mo jẹ òmíràn tó jẹ́ ìpele lórí ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ìwé Bíbélì. Wọ́n ní ìgbà ayé àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló ti wà. Ta ló kọ́ ta? Mo bi obìnrin Màníílà yẹn pé ta ló kọ́ ọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, “Ìyá mi ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?” N kò rí ìdáhùn tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà. Gbé e fún ọ̀gá rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà rẹ. O kò sí nílé nígbà tí Bostiao ọkọ wọn kú, o kò rí ohun tó tẹ̀lé e. Ìwọ náà mọ̀ pé ilé tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kì í dáná àdídùn ní Kérésì. Kò ní gbé ìràwọ̀ kọ́ síwájú ilé, kò ní gbé àwo àdídùn fún ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ ni kó máa gba àwo tí àdúgbò bá gbé wá. Ọdún kan ni gbogbo ayé ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ọdún kan, wọ́n ṣe èkejì, wọ́n tún mú ẹ̀kẹta. Ìkòkò bẹbíńkà wà lórí àjà, aláǹtakùn ti fi ibẹ̀ ṣelé. Àwọn fúnra wọn á jókòó sí ìlóró láti àárọ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu wọn mọ́. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń rù lọ yìí, a ó máa sá aṣọ lé wọn lórí láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí mo ti ń mú bínú láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn, tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kan balẹ̀ láì san án padà, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, “Ó dáa.” Lavita, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí a kò bá wá nǹkan ṣe, kóòtù tí mo rán yìí, òkú ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sin.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí lẹ́tà rẹ. Mo gbé e lọ sí ìlóró, mo kà á sí wọn létí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Lavita ní bẹbíńkà yín lòun fẹ́.”

Wọ́n ní, “Kó lọ rà á ní Màrígáò.”

“Ti Màrígáò kẹ̀? Èyí tó dà bíi kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n ti fi wẹ̀?”

“Agnelo, má yọ mí lẹ́nu. Ta ni yóò máa ṣọ́ iná orí?”

Ó tán. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà rẹ ló máa ń da ìpele, Bostiao ló máa ń jókòó lórí àpótí kékeré, tí yóò fi ẹ̀mú gbé páànù tó kún fún ẹ̀yinná èèpo àgbọn lé orí ìkòkò. Kò sí aago, kò sí ṣíṣí wò. Imú ló fi ń mọ̀ pé ìpele ti pọ́n. Á ní, “Ó tó.” Ìyá á ní, “Gbé e.” Á gbé iná kúrò, wọ́n á fi bọ́tà yíyọ́ ra ojú rẹ̀, wọ́n á da òmíràn. Láti ìgbà tí ìrì bá gbẹ títí oòrùn á fi máa rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá ara wọn sọ nìyẹn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ìgbéyàwó tó dákẹ́ tó tiwọn ní gbogbo Góà.

Mo padà sílé. Mo mu fẹ́nì, ọtí líle wa, ife kan, mo ronú. Mo mu ife mìíràn kí ìrònú náà má baà gbẹ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Ṣebí ilé ọ̀fọ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn wà? Ilé ọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ kọ àwo. Ní àdúgbò wa yìí, bí o bá gbé àdídùn lọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó di dandan kó gbà á, kó tọ́ ọ wò lójú rẹ. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ìjà tí ọmọ ọmọ yóò bá nílẹ̀ nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi Agnelo, màá ṣe bẹbíńkà.

Má ṣe ka ibi tó kàn yìí sí ọ̀gá rẹ létí. Wàrà àgbọn inú agolo ni mo rà, bẹ́ẹ̀ igi àgbọn ń ju èso lu páànù ilé mi lójoojúmọ́. Mo fọ́ ẹyin, mo da funfun àti pupa pọ̀. Mo fi iná sí ìsàlẹ̀, n kò fi ohunkóhun sórí, bí ẹni tó ń se ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. N kò dúró kí ìpele kan pọ́n kí n tó da èkejì. Ohun tó jáde níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bíi táyà, àárín rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, òkè rẹ̀ sì funfun bí ojú ẹni tó rí iwin. Ajá Karmelina, aládùúgbò wa tí ògiri wa kan tirẹ̀, yọjú, ó gbóòórùn, ó padà sílé.

Mo fi aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun bò ó lórí dáadáa, mo gbé e lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwo ọ̀fọ̀ yín rè é.”

“Kí ni?”

“Bẹbíńkà ni. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é gan-an.”

Wọ́n ṣí aṣọ kúrò. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n gé díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́ bí ẹni tó ń jẹ okùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀, wọ́n ní, “Agnelo, kí ni ìyá wa ṣe fún ọ?”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé. Èébú gidi àkọ́kọ́ tí wọ́n bú mi láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn.

Iṣẹ́ rere kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró lágbede méjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ṣe òmíràn, ó tiẹ̀ burú sí i, nítorí ọwọ́ mi ti ń mọ́ ọn. Mo gbé ìdajì fún ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé ìdajì fún Karmelina. O mọ Karmelina. Ohun tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá gbàgbé láti sọ, ẹnu rẹ̀ á sọ ọ́. Mo ní, “Karmelina, bẹbíńkà ìdílé wa rè é o. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí.” Kí Róósárì ìrọ̀lẹ́ tó parí, ó ti tọ́ ọ wò, ó ti gbé e fún ìyá fadá tọ́ wò, ó sì ti dúró lójú ọ̀nà níwájú ìlóró ẹ̀gbọ́n mi, tó ń sọ fún ẹlòmíràn pé, “Ṣé ohun tí wọ́n fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn? Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀fọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé e fún wa!”

Mo wà ní kíṣìnnì mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, aṣọ dúdú lọ́rùn, ẹ̀mú Bostiao lọ́wọ́.

“Níbo lo fi iná sí?”

“Ìsàlẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìsàlẹ̀! Ìwọ tó o ti yí ayé ká! Ṣé ìrẹsì lò ń sè ni?”

“Nínú ọkọ̀ wa, ìsàlẹ̀ la máa ń…”

“Abájọ tí ọkọ̀ yín fi rì.”

“Kò rì o. Wọ́n tà á ni.”

“Ṣé àwọn tó rà á ti jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó rà á?”

Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé ọwọ́ mi á ti dán kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, pé èmi ni màá ṣe èyí tó máa wà lórí tábìlì, màá sì sọ fún ìdílé Elroy pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi.

Wọ́n na ẹ̀mú sí mi nímú. “Kí o tó gbé ìyà yìí síwájú àwọn àna ọmọ yẹn, màá ti sin ọ́.”

Mo ní, “Ẹ ò lè sin mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fọ̀ mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ta wá ni yóò ṣe bẹbíńkà?”

Ẹ̀rín gbọ̀n wọ́n léjìká. Mo rí i dájú. Wọ́n yára kọjú sí ògiri, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Lọ gbé ìkòkò mi wá láti orí àjà. Kí o sì kó agolo yẹn dànù, ojú ń tì mí níwájú igi àgbọn.”

Èmi ni mo rin àgbọn, èmi ni mo fún un, èmi ni mo ya pupa ẹyin kúrò lára funfun, bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré yẹn sí mi. “Jókòó. Pa ẹnu dé, la imú sílẹ̀.” Ìpele àkọ́kọ́, mo jó o. Wọ́n ní, “Imú tó tóbi báyìí, kí lo wá ń fi ṣe?” Ìpele kejì, mo yára gbé iná kúrò, ó ṣì rọ̀. Wọ́n fi ṣíbí ìdáná gbá mi lórí. Láti ìkẹta lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bíi wàrà, á wá dà bíi bọ́tà, á wá dé ibì kan tó dà bíi pé ẹnì kan ń dín àgbọn nílé kejì. Ibẹ̀ ni. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi kọ sí mi, wọ́n ń ro inú abọ́. Òórùn yẹn jáde. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, “Bostiao, gbé e.”

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ wọn. Ìwọ mọ̀ mí, Lavita, ẹnu mi kì í ṣófo. Ẹ̀fẹ̀ bíi mélòó kan ti tò sórí ahọ́n mi bí èrò tó fẹ́ wọkọ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo fi ẹ̀mú gbé páànù iná kúrò, mo ní, “Ó tó.” Wọn kò yíjú padà. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní èéfín yìí pọ̀ jù. Èéfín kankan kò sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀. Wọ́n wá da ìpele tó kàn, a sì ń bá iṣẹ́ lọ títí tí ìkòkò fi kún, láì tún bá ara wa jà.

N kò tíì dé ibi tó dùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, àwo ti ń lọ, àwo ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà wa bó ṣe máa ń rí. Ṣàdédé ni gbogbo èèyàn dúró. Géètì ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí. Àwọn fúnra wọn ló jáde, nínú aṣọ dúdú kan náà, àwo sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwo jáde láti ilé ọ̀fọ̀! Obìnrin kan ṣe àmì àgbélébùú. Ilé Karmelina ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n gé e fún un fúnra wọn, wọ́n ní, “Tọ́ ọ wò, Karmelina. Kí o wá lọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé bí o ṣe sọ tàkọ́kọ́.” Karmelina fi í sẹ́nu. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, omi ló jáde lójú rẹ̀. Ó dì mọ́ wọn lọ́rùn, àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ilé kan tẹ̀lé òmíràn, kò sí èyí tí wọ́n fò. Èmi ti wẹ̀, mo ti fi òróró sírun, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ ìyàwó. Wọ́n dé iwájú ilé mi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n kọjá.

Mo ké, “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ gbàgbé ilé kan!”

Wọn kò wẹ̀yìn. “Ìwọ tí o mọ bẹbíńkà ṣe, jẹ tìrẹ!”

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún, ọwọ́ mi ṣófo. Lavita, n kò jẹ èérún bẹbíńkà kan ní Kérésì yìí, bẹ́ẹ̀ n kò gbádùn Kérésì kankan tó èyí láti ọjọ́ tí aya mi, ìyá tó bí ìyá rẹ, ti lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi sí ọ rè é. Wọ́n máa ṣe bẹbíńkà ìgbéyàwó rẹ, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan. Kí ìwọ àti Elroy tètè wálé ṣáájú ọjọ́ náà. Ìwọ á máa da ìpele, Elroy á máa ṣọ́ iná orí. Wọ́n ní bí ọkùnrin kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ ti iná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó gbọ́ ìgbà tí ó yẹ kó ní “Ó tó,” ó sàn ká tètè mọ̀ kí fadá tó débẹ̀. Mo bá Elroy kẹ́dùn. Kó máa fi imú rẹ̀ ṣe eré ìdárayá láti ìsinsìnyí.

Kí Ọlọ́run mú yín rìn lórí omi àti lójú òfuurufú láìséwu. Kí ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ ní iná tó mọ níwọ̀n, kí ó má jó yín, kí ó má sì kú. Kí ẹ dàgbà títí tí ọ̀rọ̀ méjì á fi tó yín sọ lóòjọ́, kí ẹ sì gbọ́ ara yín yé. Kí ẹ bí ọmọ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìwọ kò ṣe é tó.

Èmi ni Agnelo, bàbá tó bí ìyá rẹ, tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe máa ń jẹ́wọ́ lọ.

Àfikún: Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i nípa irú bàtà tí Elroy kò gbọdọ̀ wọ̀ wá síbi iná, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń ké pè mí láti orí ògiri. “Agnelo! Ọ̀lẹ! Èèpo àgbọn ti ń di eérú, ibo lo wà?” Ti Ọdún Tuntun la fẹ́ ṣe lónìí. Karmelina ní ohùn yẹn ń dí òun létí láti àárọ̀. Mo ní kó fara dà á, ohùn náà ti dákẹ́ fún wa pẹ́ jù.